Ìgbìmọ̀ Àwọn Akunnilóorun: Ta Ni Yóò Jókòó Síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mọ orúkọ wọn kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹ̀mí wa là. Bí wọ́n bá gbé ènìyàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà tó máa mú ọ̀bẹ ni ẹbí máa ń béèrè: ta ni, níbo ló ti kọ́ṣẹ́? Ẹnì kan sì wà níbi orí aláìsàn náà tí kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Òun ló fún un lóògùn tó fi sùn, tàbí tó gún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kò fi mọ ìrora mọ́. Òun ló ń ṣọ́ mímí rẹ̀, tó ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, òun náà ló sì máa jí i. Akunnilóorun ni mo ń wí. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìmọ̀ ọwọ́ akunnilóorun nìkan kò tó láti dáàbò bo aláìsàn. Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé ìdí tábìlì la ti ń ṣe é, nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akunnilóorun fúnra wọn, láìgba owó. Ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, ní Sokodé àti Tchamba, jókòó sínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará Lomé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilé wa ṣe rí. Ní Togo, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, dókítà tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìkunnilóorun gan-an kò pọ̀, Lomé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń gbé. Ẹni tí ẹ máa bá lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ilé-ìwòsàn tó jìnnà sí olú-ìlú, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn tó padà sílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ ọ ni. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ̀ jáde ní 2018, ka àwọn aláìsàn 11,422 tó gba iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn 247. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé díẹ̀ ní méjì tó kú, ìlọ́po méjì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà kéré, ara ọ̀pọ̀ wọn sì le ju ti àwọn aláìsàn ilẹ̀ mìíràn lọ. Ìwádìí kan náà fi hàn pé bí a bá pa oníṣẹ́ abẹ, oníṣègùn ìbímọ àti dókítà akunnilóorun pọ̀, wọn kò pé ẹyọ kan fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n dé. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí The Lancet gbé kalẹ̀ ti sọ ní 2015 pé ogún ni ó kéré jù. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹyọ kan tí kò pé àti ogún. Ẹni tó dá dúró sínú ìyàtọ̀ yẹn, lóru, pẹ̀lú aláboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì akunnilóorun ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni ìjọba Togo bẹ̀rẹ̀ sí í san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ, tó fi jẹ́ pé 10,000 sẹ́fà ni ìdílé ń mú wá nígbà náà. Ní 2021, ètò Wezou tún gbé lára ẹrù owó oyún àti ìbímọ kúrò lórí àwọn ìyá. Ohun rere ni méjèèjì, mo sì bá gbogbo ìyá tó jàǹfààní wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a san kò bí akunnilóorun. Obìnrin tí ìbímọ há mọ́ lọ́wọ́ ní Kambolé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn ju ọgbọ̀n kìlómítà lọ kó tó dé Tchamba, bí ọ̀rọ̀ bá sì ju agbára Tchamba lọ, ó tún kù tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ilé-ìwòsàn ńlá ti Sokodé. Bí ó bá fi máa débẹ̀, ara rẹ̀ ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dínkù, ó sì lè jẹ́ pé ó jẹun kó tó gbéra. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí kíkunni lóorun le, ẹni tó ń ṣe é ní Lomé kì í sì í sábà bá wọn lápapọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye kan. Ní 2005, Dókítà Ouro-Bang'na Maman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Chobli ti Cotonou wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ikú tó jẹ mọ́ ìkunnilóorun ní ilé-ìwòsàn ńlá Tokoin ní Lomé, èyí tí à ń pè ní Sylvanus Olympio báyìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ènìyàn 133 tí wọ́n kùn lóorun, ẹnì kan ń kú nítorí ìkunnilóorun náà. Àìsàn tó gbé e wá kọ́ ló pa á, ọ̀bẹ kọ́ ló pa á. Àjọ Ìlera Àgbáyé mú iye náà sínú ìwé ìlànà rẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ aláìléwu ní 2009, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ nípa ewu ìkunnilóorun ní Áfíríkà ti ń dárúkọ Togo. Ó lè dun ẹlòmíràn pé irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi ń dárúkọ wa. Ní tèmi, iṣẹ́ akin ni àwọn tó kà á ṣe. Ìlú tí kò ka òkú rẹ̀ lè rò pé òun kò ní òkú. Iye yẹn ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè sọ ní gbangba pé a kò ní ẹ̀rọ ìṣọ́ tó, òṣìṣẹ́ wa kò tó, ẹ̀jẹ̀ kì í sí nílẹ̀ nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Síbẹ̀, ilé-ìwòsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ti kà á, ilé-ìwòsàn tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè ni, Lomé ló sì wà. Ìwé Lomé kò lè jẹ́rìí fún Tchamba. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa aláìsàn níbí, níbí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó sì wà nínú yàrá náà nígbà tó ṣẹlẹ̀ ló lè kọ ọ́.

Kí ni àǹfààní kíkà bí kò bá sí ẹni tó ń jókòó tì í? Ẹ jẹ́ ká dé ilẹ̀ Australia, sí ìpínlẹ̀ New South Wales. Ní 1960, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ níbẹ̀ láti máa yẹ ikú kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìkunnilóorun wò. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò ju kí wọ́n ka ìròyìn, kí wọ́n bi ara wọn pé kí ló fà á, ṣé ó ṣeé yẹra fún, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún gbogbo akunnilóorun ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ikú kan ló ń ti ọwọ́ ìkunnilóorun wá nínú iṣẹ́ abẹ 5,500. Ní 1970, ó ti di ọ̀kan nínú 10,250. Nígbà tí Dókítà Ross Holland ṣe ìṣirò náà dé 1984, ọ̀kan nínú 26,000 ni. Ẹnì kan yóò sọ pé oògùn tuntun àti ẹ̀rọ tuntun ló ṣe é. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní jiyàn pé ìgbìmọ̀ nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Àmọ́ oògùn kì í fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ikú ń gbà wọlé. Ìgbìmọ̀ ló ń sọ fún ènìyàn pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, aláìsàn kì í kú lórí tábìlì, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti gbé e jáde tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló ń kú, tàbí pé ara rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò kí wọ́n tó kùn ún. Lẹ́yìn tí a bá mọ èyí la tó lè mọ ẹ̀rọ tó yẹ ká rà àti yàrá tó yẹ ká gbé e sí.

Ṣáájú wọn, ẹgbẹ́ àwọn akunnilóorun Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀. Ní 1949, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan, wọ́n sì bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé bí aláìsàn bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a kò ní sọ orúkọ yín. Ìròyìn 1,000 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ àbọ̀ jáde ní 1956. Lára ohun tó hàn gbangba níbẹ̀ ni pé èébì tàbí oúnjẹ tó ń ti inú padà sí ọ̀nà ọ̀fun, tó ń gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ń pa àwọn ènìyàn tí kò yẹ kó kú, àwọn aláboyún sì wà lára wọn. Ní 1961, akunnilóorun kan, Brian Sellick, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lè tẹ ọrùn aláìsàn níbì kan kí oúnjẹ má bàa padà bọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọgbọ́n yẹn ṣe wúlò tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ń jiyàn pé ewu náà wà. Kí ẹ sì rántí ìyá wa tó jẹun ní Kambolé kó tó gbéra: ewu tirẹ̀ gan-an ni àwọn tí a kò mọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n fi àkókò ìsinmi wọn ka ìwé ikú, fi hàn gbangba.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ní iṣẹ́ dókítà ni gbogbo èyí, kí ló kan nọ́ọ̀sì? Àtakò yìí wúwo, nítorí pé láàrin àwọn oníṣègùn gan-an ló ti ń wá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ dókítà akunnilóorun lágbàáyé tẹ̀ jáde ní 2018 fẹ́ kí dókítà tó kọ́ṣẹ́ náà máa ṣe é, tàbí kó máa darí rẹ̀, tàbí kó máa bojú tó o, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. N kò bá wọn jà. Bí dókítà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ní Sokodé lọ́la, èmi yóò wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n aláboyún òní kò lè dúró de lọ́la. Ìtàn sì ti fi hàn pé nọ́ọ̀sì lè mú ẹ̀rí wá. Alice Magaw, nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn àwọn Mayo ní Rochester, Minnesota, kọ àkọsílẹ̀ àwọn tó ti kùn lóorun, ní 1906 ó sì tẹ àbọ̀ jáde lórí iye tó lé ní 14,000 láìsí ikú kan tí a lè sọ pé ìkunnilóorun ló fà á. Ìgbà tí irú ẹ̀rọ ìṣọ́ òde òní kò tíì sí nìyẹn. Ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ wọn. Àwọn dókítà ka ìwé rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Dókítà tó wà ní Lomé mọ ìwé ju nọ́ọ̀sì Tchamba lọ, nọ́ọ̀sì Tchamba sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá kú láàrin iṣẹ́ abẹ. Ìgbìmọ̀ tí kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì yóò kọ ìlànà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tẹ̀ lé.

Amẹ́ríkà ni mo ti fẹ́ mú ẹ̀rí tó kàn, nítorí níbẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun ti fi ìgbìmọ̀ gbé iṣẹ́ wọn ró ju ibòmíràn lọ. Ní oṣù kẹfà 1931, Agatha Hodgins kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ilé-ìwòsàn Lakeside ní Cleveland láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lákòókò náà, ilé ẹ̀kọ́ wọn kò dọ́gba, òmíràn ń kọ́ni fún oṣù mélòó kan péré, kò sì sí ìdánwò kan tí gbogbo wọn jọ ń ṣe. Ní California, àwọn dókítà pe nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dagmar Nelson lẹ́jọ́ pé iṣẹ́ dókítà ló ń ṣe láìgba àṣẹ. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì dá nọ́ọ̀sì láre ní 1936. Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tí Hodgins dá sílẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n sì gbé ìdánwò àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní 1945. Nígbà tó di 1952, wọ́n ti ń yẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wò láti mọ èyí tó kún ojú òṣùwọ̀n. Ìjọba kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é fún wọn. Títí di òní, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, èyí tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, èyí tó ń bójú tó owó. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ òru ló ń jókòó sínú wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìpínlẹ̀ ni pé ohun tó ń dààmú ènìyàn kì í dọ́gba láti ibì kan dé ibòmíràn, kódà nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Togo kò tóbi bí Amẹ́ríkà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n láti Sokodé dé Lomé lé ní kìlómítà 300, ọ̀nà yẹn sì gùn nígbà tí oògùn bá tán. Bí ẹgbẹ́ àwọn akunnilóorun bá ní ìgbìmọ̀ tó ń sọ irú oògùn tó yẹ kó wà nílẹ̀, tí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà sì jẹ́ ará Lomé, wọn yóò kọ orúkọ oògùn tó nílò ẹ̀rọ tí kò sí ní Tchamba. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ohun tí ojú wọn ń rí ni wọ́n ń kọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ní ẹ̀rí tirẹ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ ketamine, gbogbo akunnilóorun ìgbèríko ló mọ̀ ọ́n. Ó máa ń kun ènìyàn lóorun, ó ń pa ìrora, kì í sì í sábà dá mímí dúró, nítorí náà a lè lò ó níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ ńlá tàbí iná tó dúró. Ní 2015, orílẹ̀-èdè China gbé àbá kan lọ sí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró pé kí wọ́n fi ketamine sábẹ́ òfin líle, torí pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣì í lò nílẹ̀ wọn. Bí ó bá ṣẹ, oògùn náà ì bá ṣòro láti rí ní ilé-ìwòsàn kéékèèké bí tiwa. Àwọn amòye Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ léraléra pé kí wọ́n má ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ akunnilóorun káàkiri ayé sì dìde, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ṣàlàyé fún ìjọba wọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn ìgbèríko. Ìgbìmọ̀ oògùn olóró náà sún ìpinnu síwájú, ketamine sì wà lọ́wọ́ wa dòní. Nọ́ọ̀sì tó ń lò ó lóru ní yàrá iṣẹ́ abẹ lè má gbọ́ pé ìjà kankan ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan jókòó, wọ́n ka ìwé, wọ́n kọ̀wé, ìyẹn ló fi rí oògùn lò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dojú kọ ohun tí àwọn akunnilóorun fúnra wọn yóò sọ. Àkọ́kọ́ ni pé àkókò kò sí, owó kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè lóru méjì tẹ̀ léra, kí ló kù lára rẹ̀ tó máa gbé lọ sípàdé? Àtakò yìí ló dùn mí jù, nítorí òótọ́ pátápátá ni, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín sí i kò mọ iṣẹ́ náà. Ìdáhùn tí mo ní kò ju èyí lọ: àwọn baba wa tó ń dáko nílẹ̀ yìí mọ àárò. Nínú àárò, wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lásán, nítorí oko tìẹ náà ń bọ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń ṣe fún akunnilóorun Sokodé ni pé bí ó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ le, kò ní dá nìkan ronú. Ìlànà yóò wà nílẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó tì, nọ́ńbà tẹlifóònù yóò wà tó lè pè. Ẹni tí àárò ń bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni ẹni tó ń gba ti ẹlòmíràn tí kì í san tirẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú ìgbìmọ̀ ju ọdún méjì lọ, kí ẹrù má bàa wà lórí àwọn èèyàn mẹ́ta tí kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Ìpàdé kò sì gbọdọ̀ di ìrìn-àjò sí Lomé. Tẹlifóònù lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ní ti owó, ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ. Owó ọkọ̀ àti owó tẹlifóònù kò yẹ kó jáde látinú àpò òṣìṣẹ́. Àpò ẹgbẹ́ ló yẹ kó san án. Owó ìjókòó ni mo lòdì sí, nítorí àwọn ìgbìmọ̀ tó ti gbé owó ìjókòó síwájú kì í pẹ́ kú lọ́jọ́ tí owó náà bá tán.

Ẹlòmíràn á ní sẹ́ńdíkà ti wà, kí la tún fẹ́ fi ìgbìmọ̀ ṣe? Sẹ́ńdíkà ń jà fún owó oṣù àti ipò òṣìṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. SYNPHOT, sẹ́ńdíkà àwọn oníṣègùn ilé-ìwòsàn Togo, ti gbé ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn dé iwájú ìjọba lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n sẹ́ńdíkà kò lè jókòó yẹ ikú aláìsàn kan wò pẹ̀lú ọkàn tó tutù, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbèjà ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ ká da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ìbẹ̀rù ló kù, òun ló sì le jù. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kú mọ́ mi lọ́wọ́, ta ló máa ka ìwé náà? Ṣé àwọn ẹbí kò ní gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Ṣé ọ̀gá mi kò ní fi dí mi lọ́nà? Kò sí ìlú tí ìbẹ̀rù yìí kò sí. Ní New South Wales tí mo ti dárúkọ, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà dúró láàrin 1980 sí 1983, nítorí kò dá wọn lójú mọ́ pé ohun tí wọ́n bá kọ kò ní jáde; ìgbà tí òfin dáàbò bò wọ́n ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ láti ara ikú kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń fìyà jẹni. Ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́, tàbí tó fi aláìsàn sílẹ̀ lọ, ẹjọ́ rẹ̀ wà níbòmíràn, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí atẹ́gùn ọ́síjìn tán mọ́ lọ́wọ́, kí orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé-ìwòsàn rẹ̀ kúrò nínú ìwé kó tó dé ọwọ́ ìgbìmọ̀. Mo mọ̀ pé ní ẹkùn tó kéré bí tiwa, ènìyàn lè mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kódà bí a bá pa orúkọ rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ìwé ẹkùn wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Kara tàbí Atakpamé láti kà, kí tiwọn náà wá sọ́dọ̀ wa. Ẹbí olóògbé ńkọ́? Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́ òtítọ́ látẹnu ilé-ìwòsàn. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìgbìmọ̀ bo ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ń wí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa, COGES wà, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú jókòó sí láti ṣọ́ owó àti oògùn. Ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ibi tí COGES ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti di orúkọ lásán. Àwọn tó wà nínú COGES lè ran àwọn akunnilóorun lọ́wọ́ láìmọ ohunkóhun nípa abẹ́rẹ́. Wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ olùdarí ilé-ìwòsàn bóyá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka aláìsàn, tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, àti pé ṣé èkejì wà níbi tí wọ́n ń gbé aláìsàn sí lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n lè béèrè pé bí akunnilóorun bá ní ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù, ta ni yóò dúró dè é.

Ní ti àwọn akunnilóorun Sokodé, Tchamba, Sotouboua àti Blitta, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò le. Kí ìwé kan wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan, irú kan náà níbi gbogbo, tí wọ́n yóò máa kọ ọjọ́, irú iṣẹ́ abẹ, oògùn tí wọ́n lò, ohun tó ṣe aláìsàn, àti bí ó ṣe rí ní ọjọ́ kejì sí. Kí ènìyàn mẹ́ta gbà láti máa kó o jọ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan, ọ̀kan láti Sokodé, ọ̀kan láti Tchamba, ọ̀kan láti gúúsù ẹkùn wa, kí wọ́n sì máa ka ohun tó bá jáde síta fún gbogbo ẹgbẹ́. Bí ọdún náà bá parí, kí àwọn mẹ́ta mìíràn gbà á lọ́wọ́ wọn.